Kò sí "ìlú" nínú Jerúsálẹ́mù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀. Kí ni Jerúsálẹ́mù túmọ̀ sí? Bí a bá sì fẹ́ kọ ìtumọ̀ náà sínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ wo ni ká lò? Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ dáhùn ní "Ìlú Àlàáfíà" ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ òun nínú ìjọ láti kékeré, pé kí la tún ń wá kiri. Àbúrò wa kan fèsì pé orúkọ Yorùbá ni, pé "àṣálẹ́" ló fara pamọ́ sínú "Ṣálẹ́mù". Ẹni kẹta ní ká tilẹ̀ pa Jerúsálẹ́mù tì, ká máa kọ Yerúṣaláyímù, kó lè jọ bí àwọn onílùú ṣe ń pè é. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

"Ìlú" ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn Hébérù ń pe ìlú ni "ʿir". Ohùn kan wà níwájú ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní áyínì, ohùn inú ọ̀fun tí Yorùbá kò ní. Ó ní lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wá ka Jerúsálẹ́mù bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́: yódì, réṣì, wáwù, ṣínì, lámédì, mémù. Áyínì dà? Kò sí níbẹ̀. Yódì tó ń dún bíi Y tiwa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé Hébérù kò ní kọ yódì síbi tó yẹ kí áyínì wà, bí ọmọ Yorùbá tó mọ̀ ọ́n kọ kò ṣe ní kọ "gbà" nígbà tó bá fẹ́ kọ "bà".

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n lè fi dá mi lóhùn, nítorí èmi náà ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní èdè Súmérì ìgbàanì ń pe ìlú ní "uru", pé ìyẹn ló wà níwájú orúkọ náà. Lẹ́tà àwọn ará Jerúsálẹ́mù fúnra wọn ló máa dáhùn èyí. Ní ọdún 1887, wọ́n hú àwọn wàláà amọ̀ jáde ní Amarna ní ilẹ̀ Íjíbítì. Lẹ́tà tí àwọn ọba kéékèèké ilẹ̀ Kénáánì kọ sí Fáráò wà nínú wọn, láti nǹkan bíi 1350 ṣáájú ìbí Jésù. Ọba Jerúsálẹ́mù, Abdi-Heba, kọ bíi mẹ́fà nínú wọn, ó ń bẹ Fáráò pé kó fi àwọn tafàtafà ránṣẹ́, kí ilẹ̀ náà má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Urusalim ni wọ́n kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sí. Èdè Ákádì, èdè ìgbàanì ilẹ̀ Mesopotámíà, ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn akọ̀wé Ákádì sì ní àmì kan tí wọ́n máa ń kọ ṣáájú orúkọ ìlú, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé ìlú ni, bí ìgbà tí a bá kọ "ìlú Ìlaròó". Àmì yẹn gan-an ni wọ́n ń kà ní "uru". Nínú lẹ́tà Abdi-Heba, akọ̀wé kọ àmì ìlú tán, kó tó wá fi àwọn àmì mìíràn kọ ú-ru-sa-lim. Bí "uru" tó wà nínú orúkọ náà bá jẹ́ ìlú, a jẹ́ pé "ìlú Ìlú-Salim" ló kọ. Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbójú fo orúkọ ọba yẹn. Abdi-Heba túmọ̀ sí "Ìránṣẹ́ Heba", Heba sì ni òrìṣà obìnrin kan tí àwọn ará Húrì ń bọ. Ọba tó jókòó sórí ìtẹ́ Jerúsálẹ́mù ń jẹ́ orúkọ òrìṣà, bí a ṣe ń jẹ́ Ògúndélé àti Ọ̀ṣúntókí. Kí ló wá yani lẹ́nu bí ìlú tó ń jọba lé lórí náà bá ń jẹ́ orúkọ òrìṣà?

Orúkọ ọ̀hún tilẹ̀ ti wà ṣáájú Abdi-Heba. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Íjíbítì máa ń kọ orúkọ ọ̀tá ọba wọn sára abọ́ àti ère amọ̀, wọn a gégùn-ún lé e, wọn a sì fọ́ ọ, kí ọ̀tá náà lè fọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan wà nínú èyí tí wọ́n fọ́, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kà bíi Rushalimum, wọ́n sì gbà pé Jerúsálẹ́mù ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà kí Dáfídì tó gba ìlú yẹn. Èyí ló fi yẹ ká ṣọ́ra bí a bá ń pè é ní orúkọ Hébérù. Hébérù bá a nílẹ̀ ni. Àwọn ará Kénáánì ló sọ ọ́, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wá gbà á sẹ́nu. Ohun tó jọ ọ́ wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Èkó tó bá ní inú "oko" ni Èkó ti wá kò purọ́, ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá rẹ̀ ló sọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ òpìtàn ń wo ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbíní, tí ń pe ibùdó ogun ní "eko". Orúkọ tí èèyàn bá jogún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, etí èdè tirẹ̀ ni yóò fi máa gbọ́ ọ.

(Ti Jébúsì, tí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ 19:10 ní òun náà ni Jerúsálẹ́mù: ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà ni wọ́n fi pe ìlú náà. Kò lè jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́, nígbà tí Urusalim ti wà nínú lẹ́tà.)

Tí kì í bá ṣe ìlú, kí ni "yeru"? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà lédè Hébérù, "yara" (kì í ṣe yàrá tí à ń sùn o, ìjọra ohùn lásán ni). Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kéèyàn ju nǹkan, kó ta ọfà. Òun náà ni wọ́n sì ń lò bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé wọ́n gbé òkúta kalẹ̀. Nínú Jóòbù 38:6, tí Ọlọ́run ń bi Jóòbù pé ta ló fi òkúta igun ilé ayé lélẹ̀, "yara" ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 31:51, nígbà tí Lábánì nawọ́ sí òpó òkúta tó wà láàárín òun àti Jákọ́bù, "yara" náà ni. Nínú 2 Kíróníkà 20:16 ẹ̀wẹ̀, aginjù kan wà tó ń jẹ́ Jérúẹ́lì. Ẹ tú u: Yeru, àti Élì, Ọlọ́run. "Ohun tí Élì fi lélẹ̀." Ẹ wá fi Jérúẹ́lì àti Jerúsálẹ́mù ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà to àwọn méjèèjì: yeru níwájú, orúkọ ẹni tí wọ́n ń bọ lẹ́yìn.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lédè mìíràn sábà máa ń dúró díẹ̀ níbí láti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "jù" ṣe di ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀. Yorùbá kò nílò àlàyé yẹn rárá. Kí la máa ń sọ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ilé? A ní wọ́n fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀. "Sọ" wo nìyẹn? Òun ni "sọ" tó wà nínú "sọ òkò". Ẹni tó sọ òkò ju òkúta sókè réré. Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ sọ ọ́ mọ́lẹ̀ kó má lè ṣípò mọ́. A tún ń sọ pé ẹnì kan ti fìdí sọlẹ̀ sí ìlú kan, pé ó ti di onílé níbẹ̀. Ohun tí Hébérù fi "yara" ṣe, àwa fi "sọ" ṣe é, láìjẹ́ pé ẹnì kankan yá a lọ́wọ́ ẹnì kejì. Inú mi dùn gidigidi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì ń rò pé bí a bá máa túmọ̀ orúkọ yìí sí Yorùbá, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku apá kejì orúkọ náà, Ṣálímù. Ní Ras Shamra ní Síríà, níbi tí ìlú Ugarit ìgbàanì wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú wàláà amọ̀ jáde ní ọdún 1929. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀tàn bí Élì ṣe bí ọmọ méjì, Ṣáhárì àti Ṣálímù. Ṣáhárì ni ìdájí, nígbà tí ojú ọ̀run ń là. Ṣálímù ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àwọn ará Ákádì pàápàá, "šalām šamši" ni wọ́n ń pe ìwọ̀ oòrùn. Ṣálímù yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ni apá kejì orúkọ Jerúsálẹ́mù.

Mo mọ̀ pé ohun tí àbúrò wa gbọ́ nìyí tó fi ké pe "àṣálẹ́". Àbúrò mi, mo lóye bó ṣe rí lára rẹ. Ọlọ́run ìrọ̀lẹ́ ní Ugarit ń jẹ́ Ṣálímù, àwa náà sì ní àṣálẹ́. Ta ni kò ní fò sókè? Ṣùgbọ́n jẹ́ ká tú u wò. "Alẹ́" ló wà nínú àṣálẹ́ tiwa, alẹ́ yẹn ló sì ru ìtumọ̀ rẹ̀. Bí o bá yọ alẹ́ kúrò, kò sí ìrọ̀lẹ́ mọ́. Nínú Ṣálímù, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni gbòǹgbò, ṣ, l, m, wọn kì í sì í ya ara wọn. M yẹn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tiwa kò ní m. Bí èdè méjì bá tan, ìjọra wọn kì í mọ sórí ọ̀rọ̀ kan. A ó rí i nínú ọ̀rọ̀ ojú, imú, omi àti oókan dé ẹẹ́wàá. Ẹ mú Yorùbá àti Hébérù wá, kí ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá ní méjèèjì, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi. Èdè wa kò nílò kí Jerúsálẹ́mù jẹ́ tirẹ̀ kó tó níyì.

Ìrọ̀lẹ́ àti àlàáfíà wá ńkọ́, kí ló pa wọ́n pọ̀? Gbòǹgbò kan náà ni, ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni "pé". Òkúta tó wà lódidi bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ wá, irú èyí tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ńpìlì nínú 1 Àwọn Ọba 6:7, "ṣelema" ni, odindi. Ẹni tó jẹ gbèsè tó sì san án pé, "ṣillem" ló ṣe. Ọjọ́ tí oòrùn rẹ̀ wọ̀ ti pé. Ara tó pé, ilé tó pé, tí ohunkóhun kò dín níbẹ̀, ìyẹn ni "ṣalom". Kì í ṣe pé ogun kò sí nìkan. Níbi yìí, mo gbà pé "àlàáfíà" tiwa bá ṣalom mu ju ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èdè mìíràn lọ, nítorí inú Lárúbáwá ni àlàáfíà ti wá, al-ʿāfiya, ìlera ara sì ni níbẹ̀. Bí a bá bi èèyàn pé "ṣé àlàáfíà ni?", ogun kọ́ là ń béèrè. Ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ là ń béèrè, bí Èlíṣà ṣe ní kí wọ́n bi obìnrin ará Ṣúnémù nínú 2 Àwọn Ọba 4:26: ti ara rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀, ti ọmọ rẹ̀. Ṣalom ni wọ́n fi béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣalom ló sì fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti kú.

Ẹ̀gbọ́n, èyí ni mo fi ń sọ pé ìtumọ̀ tí wọ́n fi kọ́ yín kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ àlàáfíà nínú orúkọ yìí, wọ́n sì ń gbọ́ ọ nínú Bíbélì fúnra rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 14:18 pe Mẹlikisédékì ní ọba Sálẹ́mù. Nígbà tí ẹni tó kọ Ìwé Hébérù sì dé orí rẹ̀ ní 7:2, ó ní ọba àlàáfíà nìyẹn. Sáàmù 122:6 ní ká gbàdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù. Lédè Hébérù, ohùn ṣ àti l ló ń sáré tẹ̀lé ara wọn nínú gbólóhùn yẹn: ṣaʾalu ṣelom Yeruṣalayim. Akéwì náà mọ ohun tó ń ṣe, kò sì sí bí ìtumọ̀ wa ṣe lè gbé eré ohùn yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Philo, Júù ará Alẹkisáńdíríà tó gbáyé nígbà kan náà pẹ̀lú Jésù, ní "ìran àlàáfíà" ni, ó ka apá àkọ́kọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn ríran. Àwọn rábì ní tiwọn sọ pé Ábúráhámù pe ibẹ̀ ní Yire, Ṣémù pè é ní Ṣálẹ́mù, Ọlọ́run kò sì fẹ́ ṣẹ ẹnì kankan nínú àwọn olódodo méjèèjì, ló bá so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ìtàn náà dùn, ó sì fi hàn pé àwọn gan-an mọ̀ pé apá méjì ni orúkọ náà ní. Àwọn Gíríìkì wá sọ ọ́ di Hierosolyma, nítorí "hieros" lédè tiwọn ni mímọ́. Gbogbo wọn fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀ wá ni pé ká má da méjì pọ̀. Ibi tí orúkọ ti wá jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí àwọn onígbàgbọ́ gbọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́ òmíràn. Méjèèjì ló yẹ kó wọ inú ìwé atúmọ̀, kí olúkúlùkù sì wà ní àyè tirẹ̀.

Ti ẹni tó fẹ́ ká máa kọ Yerúṣaláyímù: ìparí "-ayim" tó fẹ́ ká tẹ̀ lé yẹn kì í ṣe àgbà nínú orúkọ náà. Orúkọ yìí wà nínú Bíbélì Hébérù ní ìgbà tó ju 600 lọ, ibi 5 péré ni wọ́n sì ti kọ yódì kejì tó yẹ kó gbé ìparí yẹn sí i. Ọ̀kan nínú wọn ni Jeremáyà 26:18. Nínú ìyókù, ẹnu ló ń pè é, lẹ́tà kò kọ ọ́. Owó fàdákà tí àwọn Júù rọ nígbà tí wọ́n dìde sí Róòmù ní ọdún 66 fi í hàn dáadáa: ti ọdún kìíní kò ní yódì yẹn, ti ọdún kejì ní i. Ìparí náà ni wọ́n fi ń sọ ohun tó bá jẹ́ méjì, bí ojú àti ọwọ́, àwọn kan sì ti torí ẹ̀ wá òkè méjì fún ìlú náà. Urusalim Abdi-Heba kò ní nǹkan tó jọ ọ́. Nítorí náà, "mù" tó parí Jerúsálẹ́mù tiwa sún mọ́ ti àtijọ́ ju bí a ṣe rò lọ.

Lóòótọ́, èdè wa ní ṣ, kò yẹ kó ṣòro fún wa bó ṣe ṣòro fún Gíríìkì, tí kò ní i. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, mọ ìyàtọ̀ s àti ṣ. Wọn ì bá má mọ̀ ọ́n, ìtàn Ṣíbólẹ́tì nínú Àwọn Onídàájọ́ 12, níbi tí wọ́n ti fi pípe ṣ dá ọ̀tá mọ̀, ì bá má ṣe é túmọ̀. Àmọ́ Jerúsálẹ́mù ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, òun la fi ń kọrin, òun ni àwọn tó bá lọ tí wọ́n bọ̀ ń fi ṣe JP (Jerusalem Pilgrim) mọ́ orúkọ wọn. Àwọn Mùsùlùmí wa ní orúkọ tiwọn tó dá lórí mímọ́, tó wá láti inú Lárúbáwá, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n yí i padà. Ẹ jẹ́ kí orúkọ dúró. Ìtumọ̀ là ń tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ wo wá ni ká lò? "Ìpìlẹ̀ Ṣálímù" ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Òtítọ́ ni, àmọ́ kò dún bí orúkọ ìlú. Ìpìlẹ̀ ilé àti ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ la mọ̀. "Ìfìdísọlẹ̀ Ṣálímù" bá "yara" mu wẹ́kú, ó kàn gùn jù lẹ́nu ni. Mo wá bi ara mi pé: bí Yorùbá bá fìdí sọlẹ̀ sí ibì kan, kí ló ń pe ibẹ̀? A ní ó dó síbẹ̀, ó tẹ ìlú dó. A sì ti fi ìyẹn sọ ìlú lórúkọ tipẹ́tipẹ́: Ìdó-Èkìtì, Ìdó-Àní, Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹ wo Ìdó-Ọ̀ṣun dáadáa, bó ṣe to ara rẹ̀: ìdó níwájú, orúkọ ẹni tí wọ́n ń bọ lẹ́yìn. Bí Jérúẹ́lì ṣe rí gan-an nìyẹn, bí Jerúsálẹ́mù náà sì ṣe rí.

Bí àwọn tó ń to ìwé atúmọ̀ bá gbà, báyìí ni mo dábàá pé kí wọ́n kọ ọ́:

Jerúsálẹ́mù, orúkọ ìlú. Èdè Kénáánì ni: "yeru", ohun tí a fi sọlẹ̀, Ṣálímù, ọlọ́run ìrọ̀lẹ́. Ìdó-Ṣálímù, ibi tí Ṣálímù fìdí sọlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, lẹ́nu àwọn Júù àti àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi: Ìlú Àlàáfíà.